Gíláàsì kẹrin: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní sáìtì kan ní Tanke

Gíláàsì 14 ni a fẹ́ tò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní mítà 3.2, ó sì fẹ̀ ní mítà 2.4. Aláwẹ́ méjì ni gbogbo wọn: gíláàsì témpà (èyí tí wọ́n fi iná mú le) oní mílímítà 6 méjì, tí wọ́n fi ike tín-ín-rín lẹ̀ mọ́ra láàárín. Ilé ìtajà onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Tanke nílùú Ìlọrin, níbi tí ọ̀nà àdúgbò ti já sí títì, Alhaji tó ni ín sì fẹ́ kí ìsàlẹ̀ ilé náà máa dán láti ìhà méjèèjì. Èmi ni fóómàn àwọn onígíláàsì. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ bo ojú ọ̀run débi pé oòrùn dà bí òṣùpá, gíláàsì kẹrin wà lókè lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí a háyà láti máa gbé gíláàsì, ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìrọ̀lẹ́ ni a tó mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún. Bó ṣe lọ ni mo kọ síbí, pẹ̀lú ibi tí èmi fúnra mi ti ṣì í ṣe.

Kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìwúwo, nítorí òun ló gbé wa dé ìdí ẹ̀rọ. Gíláàsì tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, bí ó bá nípọn ní mílímítà kan péré, kílò 2.5 ni. Bó bá di mílímítà 12, ó di kílò 30. Tiwa yìí, tí a bá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ike àárín rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ sí kílò 240. Ìyẹn ò tó àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí yóò ní kí ló wá le níbẹ̀, ọkùnrin mẹ́jọ á gbé e. Òótọ́ ni, wọ́n á gbé e. Ṣùgbọ́n àpò sìmẹ́ńtì kì í gé ènìyàn, kò sí ẹni tó ní kí o gbé e nàró kí o fi sínú ihò tí ó fi ìka kan péré jù ú lọ, bó bá sì rẹ̀ ọ́, o lè jù ú sílẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tó fẹ̀ ní mítà 2.4, èjìká mélòó ló lè tò síbẹ̀? Ẹni mẹ́fà á wà nídìí ẹ̀, ẹni méjì á máa pariwo lẹ́yìn.

Mo ti rí i kí ó já. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni, ní sáìtì mìíràn tí n kò ní dárúkọ. Àwa mẹ́jọ la gbé e, ọ̀kan nínú wa tẹ ìṣó, ó yẹ̀ díẹ̀, igun gíláàsì kan táìlì. Témpà ni, ìlọ́po kan. Ẹ lè fi òòlù onírọ́bà lu àárín témpà kó má ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n igun àti etí rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ó fọ́ yángá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni da ẹ̀kún àpò iyọ̀ sílẹ̀. Ọmọ kan fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gbà á. Ọwọ́ náà jinná, àmọ́ kò lè di nǹkan wúwo mú mọ́ títí di òní. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí gíláàsì tó ju kílò 150 lọ, mo máa ń bi ẹni tó gbé iṣẹ́ wá pé ta ni yóò gbé e.

Ìdí nìyí tí a fi háyà ẹ̀rọ. Láti Èkó ló ti wá lórí ọkọ̀ akẹ́rù, ó gba Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì dé pẹ̀lú eruku tó pọ̀ tó láti gbin ẹ̀fọ́. Ẹ má ronú róbọ́ọ̀tì tó ní orí àti ojú. Ẹ ronú kẹ̀kẹ́ kékeré onítáyà mẹ́rin tó wúwo bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, irin wíwúwo wà ní ìdí rẹ̀ lẹ́yìn kí ó má baà dojú dé, apá gígùn kan yọ síwájú, ọwọ́ rọ́bà rìbìtì mẹ́fà sì wà lẹ́nu apá náà. Àwa onígíláàsì ń pe ọwọ́ rọ́bà yẹn ní sọ́kà. Bátìrì ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin kan tó bá a wá láti Èkó gbé rìmóòtù rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ń fi àtàǹpàkò darí rẹ̀: síwájú, sẹ́yìn, gbé sókè, yí i, tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Bàbá káfíńtà tó ń ṣe ilẹ̀kùn nínú ilé náà wò ó títí. Ó ní, “Fóómàn, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ rọ́bà mẹ́fà yìí, àyà ta ni yóò fi sọ?” Gbogbo sáìtì rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ẹni mẹ́jọ ni mo máa ń pè sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mẹ́rin ni mo pè lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì mọ ìṣírò. N kò ní èsì tó dára fún wọn. Mo kàn ní ẹni mẹ́rin tí mo pè, owó ọjọ́ wọn á ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn nípa sọ́kà ni pé kì í ṣe òun ló ń di gíláàsì mú. Afẹ́fẹ́ ni. Pọ́ọ̀mpù ń fa afẹ́fẹ́ inú rọ́bà jáde, afẹ́fẹ́ ìta á wá máa ti gíláàsì àti rọ́bà mọ́ra wọn. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa yìí ń tẹ nǹkan ní ìwọ̀n kílò kan lórí gbogbo sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Ìlọrin ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 300, ìyẹn sì ń dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ pariwo. Sọ́kà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, bí ẹ bá fa ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, agbára tó fi lẹ̀ mọ́ gíláàsì ju kílò 400 lọ. Mẹ́fà irú rẹ̀ á tó kílò 2,500. Àmọ́ kílò 600 ni wọ́n kọ sí ara ẹ̀rọ náà, nígbà tí apá rẹ̀ bá ká wọlé. Bí apá bá nà, ó tún ń dín kù sí i, bíi ti ẹni tó na ọwọ́ gbé garawa omi. Kí ló dé tí wọ́n fi dín in kù báyẹn? Nítorí pé nígbà tí gíláàsì bá dúró lóòró, ńṣe ló fẹ́ máa yọ̀ wá sílẹ̀ lójú rọ́bà. Líle tí rọ́bà le mọ́ gíláàsì nìkan ló dá a dúró, bí omi tàbí eruku bá sì wà láàárín wọn, ìdúró yẹn ń lọ. Wọ́n tún fi ìlọ́po méjì sílẹ̀ fún ààbò.

Nǹkan kan tún wà. Ọ̀nà tí pọ́ọ̀mpù ń gbà fa afẹ́fẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Sọ́kà mẹ́ta wà lórí ọ̀nà kìíní, mẹ́ta lórí ọ̀nà kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní géèjì tirẹ̀, ojú ìwọ̀n kékeré tó ń fi hàn bí sọ́kà ṣe lẹ̀ tó. Bí ọ̀nà kan bá jò, èkejì gbọ́dọ̀ lè di gíláàsì mú títí wọn yóò fi sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ló gbà wá.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ náà a to mẹ́ta. Bí àlá ni. Gíláàsì kìíní gbà wá ní ìṣẹ́jú 40 nítorí pé gbogbo wa ń wò ó bí ẹni ń wo eré, ìkẹta ò gbà ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ọmọ ẹ̀rọ gbé e dé ẹnu fíréèmù, àwa méjì fi ìka darí rẹ̀ sórí rọ́bà ìtìlẹ̀ méjì tó wà nísàlẹ̀, ó jókòó. Mo rí Alhaji tó fi apá agbádá bo ẹnu. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ni ó bi mí pé ṣé owó tí mo fi háyà nǹkan yìí kò ní í san ènìyàn ogún.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀, mo ní kí ọmọ ẹ̀rọ lẹ sọ́kà mọ́ gíláàsì kẹrin lórí àga rẹ̀, ìyẹn ohun tí a ń to gíláàsì tì, kí ó wà ní sẹpẹ́, kí a má baà fi àkókò ṣòfò bí a bá dé láti Jímọ̀. Ó lẹ̀ ẹ́. Géèjì méjèèjì wà ní àwọ̀ ewé. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a lọ kírun. Àṣìṣe mi kejì nìyẹn. Ìkíní ń bọ̀.

Nígbà tí a padà dé, ọmọ ẹ̀rọ gbé e. Ó gbé e kúrò lórí àga, ó yí i, ó rìn tó bíi mítà márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè. Ìdí gíláàsì ti ga dé ìbàdí mi nígbà tí iná pupa tàn tí aago ìkìlọ̀ sì figbe bọnu. Géèjì ọ̀nà kejì ń sọ̀kalẹ̀, mo ń wò ó. Géèjì ọ̀nà kìíní dúró gbọn-in.

Ohun tí àwọn ọmọ mi ṣe lẹ́yìn náà ló ń bà mí lẹ́rù títí di òní ju igbe ẹ̀rọ lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nítòsí sáré wọ abẹ́ gíláàsì, wọ́n na ọwọ́ sókè láti gbà á. Kílò 240! Wọn ò ronú, ara wọn ló ronú fún wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ “Ẹ dì í mú! Ẹ dì í mú!” bí gíláàsì bá ti fẹ́ yọ̀. Ọmọ ẹ̀rọ ló pariwo mọ́ wọn pé, “Ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò!” Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Èmi náà fa ẹnì kan ní kọ́là. Nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ọmọ náà ká apá ẹ̀rọ wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sọ gíláàsì kalẹ̀ sórí pákó méjì tí a fi rọ́bà wé, a fi okùn dè é mọ́ àga rẹ̀. Láti ìgbà tí aago ti dún títí di ìgbà tó fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, kò pé ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀nà kìíní nìkan ló gbé e ní gbogbo àkókò yẹn.

Ẹjọ́ wá bẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà ní bátìrì ni. Òótọ́ sì ni pé bátìrì ti lọ sílẹ̀: ó kún ní òwúrọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ mẹ́ta péré, ó ku ìlà méjì nínú márùn-ún. Wọ́n bá kọjú sí ọmọ ẹ̀rọ pé kò pa nǹkan rẹ̀ kí ó tó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í pa á nígbà tí ó bá di gíláàsì mú, òun ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹnjiníà ilé náà ní eruku ọyẹ́ ni. Èmi ní rọ́bà sọ́kà ló ti sán, nítorí mo ti rí i tí ọyẹ́ ń sán ètè ènìyàn, kí wá ni ti rọ́bà?

Ọ̀rọ̀ bátìrì dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò dúró. Bátìrì kan náà ló ń bọ́ ọ̀nà méjèèjì. Ká ní òun ni, àwọn géèjì méjèèjì ì bá jọ sọ̀kalẹ̀ ni. Fáàfù tún wà tó ń ti ẹnu ọ̀nà pa lẹ́yìn tí pọ́ọ̀mpù bá ti fa afẹ́fẹ́ tán, torí náà bí bátìrì bá tilẹ̀ kú pátápátá, sọ́kà kì í fi gíláàsì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo sọ èyí fún wẹ́dà. Ó ní òun ṣì rò pé bátìrì ni.

Ó ku eruku àti rọ́bà. A wo ètè sọ́kà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a fi ìka tọ́ ọ yí po. Kò sán, mo jẹ̀bi. Ẹnì kan ti ń gbé pẹtiróòlù bọ̀ láti fi nù wọ́n, mo lé e padà, nítorí pẹtiróòlù ń jẹ rọ́bà. Omi tó mọ́ àti aṣọ tó mọ́ la fi nù wọ́n, a jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Ọmọ ẹ̀rọ wá lẹ̀ wọ́n mọ́ gíláàsì karùn-ún tí kò tíì kúrò lórí àga, ó pa pọ́ọ̀mpù, a dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Géèjì kankan ò mira. A tú u, a lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ ìkẹrin nílẹ̀ níbi tó wà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Ara ẹ̀rọ le. Gíláàsì ló ń ṣàìsàn.

Ìgbà yìí ni bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ sáìtì, tó ti ń ṣàn ẹsẹ̀ fún Àsárì, dá sí i. Ó ní, “Ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé ó ń mí ní gbogbo ìgbà tí ẹ wà ní Jímọ̀?” Mo ní báwo, Bàbá? Ó ní, “Ó ń sín. Á sín, á dákẹ́ díẹ̀, á tún sín, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Ní àárọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀, ó sín lẹ́ẹ̀kan, ó sùn.”

Ọmọ ẹ̀rọ fi ọwọ́ lu orí. Bí sọ́kà bá lẹ̀ dáadáa, pọ́ọ̀mpù ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ń dákẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yọ́ wọlé, ńṣe ni yóò máa tan ara rẹ̀ láti fa ohun tó wọlé náà jáde. Fún wákàtí kan ààbọ̀ tí a kò sí nílé, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà géèjì dára lójú, bátìrì sì ń tán. Bátìrì tí wẹ́dà tọ́ka sí kì í ṣe orísun àìsàn yìí, àmì rẹ̀ ni. Bàbá ọlọ́dẹ ti gbọ́ ọ láti ọ̀sán, a kò sì bi í, torí pé kò sí ẹni tó ń bi ọlọ́dẹ nípa ẹ̀rọ.

A ní kí wọ́n sún sọ́kà ọ̀nà kejì ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan. Ó dúró. Ojú kan lára gíláàsì ni, nígbà náà. Mo gba tọ́ọ̀ṣì, mo tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú, mo sì fi èékánná tọ ibẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀: ẹ̀kán funfun kéékèèké tó gbẹ mọ́ ojú gíláàsì, tí kò tóbi ju ọkà bàbà lọ, mẹ́fà tàbí méje. Sìkírídìn ni. Àwọn apẹ̀ndà ti ń fi sìkírídìn dán àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kán sí ojú gíláàsì tó wà lóde jù lórí àga náà, eruku ọyẹ́ sì bò ó. Àkísà gbígbẹ ni ọmọ tó ń nu gíláàsì fi nù ún ní àárọ̀. Ó nu eruku, gíláàsì dán, sìkírídìn sì dúró sí àyè rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo lábẹ́ ètè rọ́bà, ó ti tó ilẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́.

Mẹ́ta ti òwúrọ̀ wà nínú yàrá lórí àga mìíràn. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi yọ wá lẹ́nu.

Àwọn apẹ̀ndà ní kí ló dé tí a kó gíláàsì sábẹ́ ibi tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ mi ní kí ló dé tí wọn ò fi nǹkan bò ó. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ìjà, mo dá a dúró níbẹ̀, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n kó mọ́kànlá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú, kí oòrùn má baà pa wọ́n. Mo rí ọ̀rá tó ya tí a fi bò wọ́n, mo ní a ó pààrọ̀ rẹ̀, n kò pààrọ̀ rẹ̀. Àṣìṣe mi ìkíní nìyẹn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Alhaji lójú gbogbo wọn. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Abẹ́ àti omi la fi họ sìkírídìn náà, abẹ́ tuntun, ní ìdẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú omi púpọ̀ kí ó má baà ha gíláàsì. Ilẹ̀ ti ṣú, n kò jẹ́ kí wọ́n gbé e lálẹ́ ọjọ́ náà. Àárọ̀ Sátidé ni ìkẹrin wọ fíréèmù rẹ̀, ní ìṣẹ́jú 20.

Láti ọjọ́ náà, ohun díẹ̀ yí padà. Aṣọ méjì ló ń nu gíláàsì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tútù, ọ̀kan gbẹ, ọmọ tó nù ún á sì tún fi àtẹ́lẹwọ́ tọ gbogbo ibi tí sọ́kà yóò tẹ̀ kí ó tó ní ó ti tó. Mo fi owó kún ti ọmọ yẹn, àwọn tó kù ráhùn, mo ní ẹni tó bá fẹ́ gba àkísà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó wá. Kò sẹ́ni tó wá. Mo fi okùn pupa yí ibi tí gíláàsì ń gbà kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ bí ó bá wà lókè, ìyẹn ló sì ṣòroó kọ́ wọn jù. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo tún rí ọwọ́ tó nà. Lọ́jọ́ Àìkú táyà ẹ̀yìn ẹ̀rọ fẹ́ rì níbi kòtò páìpù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí, a tẹ́ pákó sí i, ó kọjá. Ilẹ̀ pupa tí ọyẹ́ ti gbẹ le bíi kọnkéré, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti gbẹ́ rí, ẹ má gbà á gbọ́.

Bí a bá sì ti lẹ sọ́kà mọ́ gíláàsì, gbogbo sáìtì á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí a tó gbé e. Jẹnẹrétọ̀ á kú, òòlù á dúró. Ojú géèjì ti tó láti fi mọ̀, ọmọ ẹ̀rọ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ọlọ́dẹ ti gbé àga rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ okùn pupa, n kò sì rí ìdí tí n ó fi lé e. Lọ́jọ́ Túsìdé, ìkẹrìnlá ló kù. Pọ́ọ̀mpù sín lẹ́ẹ̀kan. A dúró. Bàbá ń fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ ka nǹkan kan, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, “Ó ti sùn. Ẹ máa gbé e.”